Láti Orí Ìtàgé Dé Ojú Fóònù: Bí Àwọn Òṣèré Yorùbá Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Sinimá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Mo ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èmi pẹ̀lú wọn gbé fóònù lọ sí erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì ni ìtumọ̀ rẹ̀ tó yé mi délẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fún wọn ni pé kí wọ́n fi fíìmù oníṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá sọ ìtàn ìlú tí a ń gbé. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Marina, a la ọ̀sà kọjá, a rìn nínú iyanrìn láàrin àwọn igi àgbọn títí a fi dé etí òkun, níbi tí àwọn ẹrú ayé àtijọ́ dé tí wọn kò fi padà mọ́. Ọmọkùnrin kan kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ akin. Inú mi dùn. Nígbà tí a padà dé kíláàsì tí a tan fóònù, ariwo afẹ́fẹ́ nìkan ni a gbọ́. Ojú ọmọ náà dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà nígbà tí a ń yà á.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá. Mo lè dúró láì ṣí ìwé kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìjálá àti ẹkún ìyàwó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, èmi ni mo di akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi, ó ní, "Mà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí a ṣe ń gé àwòrán tí a sì ń tò ó. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé: àwọn àgbà òṣèré wa tí a ń gbé orúkọ wọn gẹ̀gẹ̀, ta ni ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ kámẹ́rà? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀ fún wa.

Nígbà tí a jẹ́ òǹwòran nìkan

Oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni àwọn ará Èkó kọ́kọ́ rí sinimá, nínú gbọ̀ngàn Glover Memorial Hall. Wọ́n sanwó, wọ́n wòran, ẹnu sì yà wọ́n. Àlejò ló ni ẹ̀rọ náà, àlejò ló sì ni àwòrán inú rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba amúnisìn fi rí i pé ohun èlò tó lágbára ni. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ William Sellers, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù kọ́ àwọn aráàlú nípa ìmọ́tótó àti àrùn tí eku ń gbé kiri. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Colonial Film Unit sílẹ̀, Sellers yìí sì ni ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó darí rẹ̀. Wọ́n ń fi mọ́tò gbé sinimá káàkiri ìlú àti ìletò, wọ́n ń ta aṣọ funfun sí ìta gbangba, tọmọdé tàgbà a sì jókòó síwájú rẹ̀.

Sellers ní ìgbàgbọ́ kan nípa wa. Ó gbà pé ènìyàn dúdú tí kò kàwé kò lè lóye fíìmù tí àwòrán rẹ̀ ń yí padà kíákíá. Nítorí náà, ó ní kí àwòrán máa falẹ̀, kí ó máa tẹ̀ lé ara wọn ní ẹsẹẹsẹ, kí wọ́n má ṣe fo láti ibì kan sí ibòmíràn, kí idán kankan má sì sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ọmọ tí ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá mọ̀ pé ìjàpá lè wà lábà ní ìsinsìnyí, kí ó wà lọ́run ní gbólóhùn kejì, ọmọ náà kò sì ní sọnù lójú ọ̀nà. Ọdún 1938 ni ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, jáde, ọdún kan péré ṣáájú ìdásílẹ̀ Colonial Film Unit. Ẹni tó bá bá Àkàrà-oògùn rin ìrìn-àjò náà já, irú fíìmù wo ni yóò yára jù fún un? A ti mọ bí a ṣe ń gé ìtàn tí a sì ń tò ó kí a tó fojú kan kámẹ́rà. Ẹ̀rọ nìkan ni kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Ní ọdún 1948, Colonial Film Unit ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan sí ìlú Accra ní Gold Coast, tí ó di Gánà lónìí. Wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ jọ láti Gold Coast àti Nàìjíríà, wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń ya fíìmù àti bí a ṣe ń gé e. Sam Aryeetey, tí ó di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ fíìmù Gánà, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ́ wọn fún. Àwọn aláré wa, bí Hubert Ògúndé tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tíátà rẹ̀ láti àárín ọdún 1940 sí 1945, ṣì ń fi mọ́tò gbé eré kiri orí ìtàgé. Ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn bí Moses Ọláìyá àti Ọ̀yìn Adéjọbí dé iwájú kámẹ́rà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń ṣeré fún ojú kan ṣoṣo tí kì í ṣẹ́jú.

Olùkọ́ àti ọmọ-iṣẹ́

Ẹni tó so okùn láàrin tíátà Yorùbá àti fíìmù ńlá ni Ọlá Balógun, tí ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní ilé-ẹ̀kọ́ IDHEC ní ìlú Paris. Ní ọdún 1976, òun àti Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, gbé Àjàní Ògún jáde. Balógun ló darí rẹ̀, Adé Love ló ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n jọ ṣe Ìjà Òmìnira, tí wọ́n yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùkọ́ ti kà fún ìdánwò. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀: ní ọdún 1980, Adé Love fúnra rẹ̀ ni ó jókòó sí ipò olùdarí nínú fíìmù Kádàrá. Ìwọ̀nba ọdún ni ó fi wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó mọ̀ ọ́n, ó fojú sílẹ̀, ó fetí sílẹ̀, ó sì di ọ̀gá. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ gan-an ni.

Ti Ògúndé tún jọ mí lójú jù. Ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ọ̀ṣọ́sà. Nígbà tí ó fi máa ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, Ayé, ní ọdún 1979, ẹni ọdún 63 ni. Kò sí ẹni tí òkìkí rẹ̀ kan tó tirẹ̀ nínú tíátà Yorùbá. Síbẹ̀, ó gbà kí Ọlá Balógun, tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ ní ọjọ́ orí, darí fíìmù náà. Nígbà tí ó ṣe Jáyésinmi lẹ́yìn rẹ̀, òun àti Freddie Goode ni wọ́n jọ darí rẹ̀. Bí ó bá ti sọ pé òun ti dàgbà jù láti kọ́ iṣẹ́ tuntun, a kì bá tí rí àwọn fíìmù wọ̀nyí.

Kì í ṣe ohun kékeré ni ó ní láti kọ́. Lórí ìtàgé, òṣèré gbọ́dọ̀ gbé ohùn sókè kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Níwájú kámẹ́rà, bí ìpéǹpéjú bá mì, gbogbo ayé ti rí i. Lórí ìtàgé, ojú kan ni òǹwòran jókòó sí. Kámẹ́rà lè lọ dúró sẹ́yìn òṣèré tàbí kí ó sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lórí ìtàgé, eré ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú fíìmù, wọ́n lè ya ikú akọni ní ọjọ́ Ajé, kí wọ́n sì ya ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Òṣèré gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìbànújẹ́ rẹ̀ dé nínú ìtàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ṣe ayọ̀ rẹ̀.

Owó tí rọ́ọ̀lù ń jẹ

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi fóònù ya fídíò títí bátìrì fi ń kú, ẹ gbọ́ èyí. Rọ́ọ̀lù fíìmù onímìlímítà 16, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 400, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ kí ó tó tán. Owó ńlá ni wọ́n fi ń rà á. Bí wọ́n bá yà á tán, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí olùdarí tó mọ̀ bóyá àwòrán tí òun yà dára tàbí ó bàjẹ́. Nítorí náà, wọn kì í tan kámẹ́rà títí wọn ó fi dán eré wò lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí ó bá di gígé, abẹ ni wọ́n fi ń gé fíìmù náà ní tòótọ́, tí wọ́n ń fi téèpù lẹ ojú méjèèjì pọ̀, tí wọ́n sì ń so àwọn gígé yòókù kọ́ bí aṣọ tí a sá.

Nígbà tí owó kò tó, àwọn kan lo irú fíìmù tí kò ní nẹ́gátíìfù. Èyí tí wọ́n yà nínú kámẹ́rà ni wọ́n gé, òun náà ni wọ́n gbé kiri láti ìlú dé ìlú láti fi han àwọn òǹwòran. Bí ẹ̀rọ bá ha á, ó ti ha nìyẹn. Bí ó bá já, wọ́n á lẹ̀ ẹ́, ìwọ̀nba àwòrán á sì ti sọnù níbi tí ó ti já. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kan ṣoṣo yìí, nítorí n ó padà sórí rẹ̀.

Ìgbà fídíò

Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà ní ọdún 1986, iye náírà já wálẹ̀, rọ́ọ̀lù fíìmù sì di ohun tí apá aláré kò ká mọ́. Ní ọdún 1988, Adé Ajíbóyè gbé Soso Meji jáde lórí fídíò, bí fíìmù àgbéléwò ṣe bẹ̀rẹ̀ ní tiwa nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Lóòótọ́, àwòrán wọn kò mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ fídíò méjì ni wọ́n fi ń to eré, ọ̀kan ń ṣí i, èkejì ń gbà á sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yí nǹkan kan padà láàrin, wọ́n lè ní láti tún un tò láti ibẹ̀ lọ. Bí wọ́n ti ń da téèpù kọ sínú téèpù náà ni àwòrán ń ṣá sí i. Ṣùgbọ́n aláré tí kò lówó ti lè yà, kí ó wò ó lójú ẹsẹ̀, kí ó rí àṣìṣe rẹ̀. Àṣìṣe tí a tètè rí a máa di ẹ̀kọ́.

Túndé Kèlání ni àpẹẹrẹ ẹni tí ó gba inú gbogbo ìgbà wọ̀nyí kọjá. Ó ṣiṣẹ́ ní WNTV, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní London, ó fi kámẹ́rà rọ́ọ̀lù ya fíìmù fún àwọn ọ̀gá tíátà ní ọdún 1980 sókè. Nígbà tí fídíò dé, kò kẹ̀yìn sí i. Ó mú ìmọ̀ rọ́ọ̀lù wọ inú fídíò, ó sì fún wa ní Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, Ó Le Kú láti inú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní 1997, àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Àwa tí a ń gbé lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kò ní gbàgbé Abẹ̀ní tí ó ṣe ní 2006, nítorí pé ìfẹ́ láàrin Èkó àti Kútọnú ni ó dá lé, ojú ọ̀nà tó gba Àgbádárìgì kọjá.

Ẹ̀rọ tún kéré sí i lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2020, àwọn ọmọdé kan ní Ìkòròdú tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ikorodu Bois fi fóònù àti ohun èlò inú ilé ṣe àfarawé ìpolówó fíìmù Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Extraction. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an fi yìn wọ́n níṣojú gbogbo ayé.

Ohun tí a kọ́ ní Àgbádárìgì

Pẹ̀lú ìtàn yìí lọ́kàn mi ni mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà sí etí òkun. Lọ́tẹ̀ yìí, a ṣe bí àwọn onírọ́ọ̀lù: a dán ọ̀rọ̀ wò kí a tó tan fóònù. A jẹ́ kí oòrùn kọjú sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. A fi fóònù kejì sábẹ́ aṣọ rẹ̀ nítòsí àyà, a sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí a lè fi ìró àtẹ́wọ́ náà so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà títò. A ya ọwọ́ tí ń la àgbọn, a ya ẹsẹ̀ nínú iyanrìn, kí a lè ní ohun tí a ó fi bo ojú ibi tí a bá gé. Ẹ̀rù òkun kò bà wá mọ́.

Ibi títò ni mo ti rí ewu kan tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan ń sọ nípa ilé tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ilé Sẹ́ríkí Williams Abass pẹ̀lú àwọn yàrá tóóró rẹ̀. Àwòrán ilé náà kò tó, ni ẹni tí ń tò ó bá fi àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ dí i, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Ó rẹwà lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó yóò gbà pé ilé àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ti ń de ẹrú mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, àwòrán náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí a so wọ́n pọ̀, wọ́n di irọ́. A yọ ọ́. Mo sọ fún wọn pé òpìtàn ni ẹni tí ń to àwòrán, bí ó mọ̀ bí kò mọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó dùn mí jù ni mo fi sí ìparí. A lọ bá ìyá àgbà kan, ọmọ Ògù, ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó sọ fún wa, ní èdè Ògù tí ọmọ kíláàsì wa kan ń túmọ̀, bí mọ́tò sinimá ṣe dé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe ta aṣọ funfun, bí òun ṣe lọ sẹ́yìn aṣọ náà lọ wo ibi tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wà. Ó kọrin tí wọ́n ń kọ lọ́nà ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, fóònù kún. Ọmọ kan rò pé a ti da ọ̀rọ̀ ìyá náà kọ sínú kọ̀ǹpútà, ó pa á rẹ́ kí àyè lè wà. N kò bá a wí, nítorí èmi olùkọ́ ni n kò yàn ẹni tí yóò máa ṣe ẹ̀dà. A rò pé a ó padà lọ bá a lẹ́yìn ìsinmi. Kí a tó wọlé, ìyá ti papòdà.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí rọ́ọ̀lù àwọn àgbà ló ṣẹlẹ̀ sí àwa náà pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ìgbàlódé wa. Ní ọdún 1976 tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu ṣe Shaihu Umar ní èdè Hausa, láti inú ìwé Abubakar Tafawa Balewa, ìtàn ọmọ kan tí wọ́n kó lẹ́rú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rò pé fíìmù náà ti sọnù. Ní ọdún 2016 ni wọ́n rí àwọn rọ́ọ̀lù rẹ̀ nínú àká Nigerian Film Corporation ní Jos, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹnì kan tọ́jú rọ́ọ̀lù náà síbì kan. Orin ìyá wa kò ní àká kankan tí a lè wá a sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rù kámẹ́rà. Ògúndé kò bẹ̀rù rẹ̀ ní ẹni ọdún 63. Ẹ jókòó ti àwọn ọmọ, kí ẹ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí àwọn náà sì gba ìtàn lẹ́nu yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó yà, ẹ dán an wò. Bí ẹ bá ń tò ó, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán méjì parọ́ fún òǹwòran. Kí ilẹ̀ ọjọ́ tí ẹ ya fíìmù tó ṣú, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán. Ní kíláàsì wa báyìí, ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kọ́ mi ní títò àwòrán ni olùtọ́jú ẹ̀dà. Bí a bá ti ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan dé, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé títí yóò fi ka iye ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.